Nọ́ọ̀tì Tí Kì Í Dúró

Ní ọdún 1971, ọkọ̀ kékeré kan wà lórí tábìlì nílé Vincent Àjíṣafẹ́ ní Òkìtìpupa. Ọjọ́ méjì kì í lọ kí ó má bàjẹ́.

Ọkọ̀ ìsáré ni, kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Rédíò ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá di àpótí rédíò náà mú lè dúró lábẹ́ igi, kí ó máa yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì láìfọwọ́ kàn án. Lucas, ọmọ kan ṣoṣo tí Vincent bí, ló ra ẹ̀yà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìlú Òyìnbó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó kọ̀wé pé bí òun bá dé, òun àti bàbá òun yóò tò ó pọ̀, àwọn yóò sì sá a ní pápá iléèwé. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Àpótí ẹrù rẹ̀ nìkan ló wálé.

Nígbà tí ìròyìn náà dé, Helen, ìyá Lucas, dùbúlẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Kò jẹun, kò dáhùn ìkíni. Ẹ̀gẹ́ tó rẹ sómi láti fi ṣe púpurú jẹrà síbẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, Vincent náà wọ yàrá, ó kọjú sí ògiri, ó ní ó ti rẹ òun. Obìnrin kì í sì í wà ní ìdùbúlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ náà wà ní ìdùbúlẹ̀. Ta ni yóò dáná? Helen dìde.

Ìgbà tí Helen gbé àpótí Lucas síwájú rẹ̀ ni Vincent tó gbórí sókè. Rédíò ló ń tún ṣe kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Oṣù mẹ́rin ló fi to ọkọ̀ náà. Ó fi òjé lẹ wáyà pọ̀, ó de nọ́ọ̀tì. Kò rí gírísì, ó bá kán àdín sí i, eèrà bò ó ṣíkíṣíkí, ó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nù ún. Gbogbo ìgbà ló sì ń pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Lucas, wá wo nọ́ọ̀tì yìí. Òun ló di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Bí ẹnikẹ́ni bá tú u báyìí, ọkọ̀ ò lè lọ mọ́."

"Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ṣáà wò ó."

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ sáré ní pápá, ariwo sọ. Vincent gbé e wálé, ó fi aṣọ bò ó. "Ó parí," ó wí, ó sì tún kọjú sí ògiri. Fún ọjọ́ méjì, kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí Helen sè. Rùfáì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ọjà, nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́, òun àti nǹkan tó máa ń di sínú bébà wá.

Ẹ̀rù ba Helen gidigidi. Ọmọ ti lọ, ọkọ náà tún fẹ́ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí Vincent lọ wẹ̀, ó mú sípánà kékeré tó wà lójú fèrèsé, ó tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

"Bàbá Lucas, ẹ wá wo ọkọ̀ yín o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ."

Vincent pòṣé. Ó jókòó ti ọkọ̀ náà títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì jẹun.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Vincent bá tún un ṣe lónìí, Helen á tú u lọ́la. Kí àkùkọ tó kọ ló ti ń jí, tí á máa ro ibi tí ọwọ́ òun yóò kàn. Vincent, tó jẹ́ pé bí ẹni ń sá fún òjò ló ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá ń pẹ́ nílé ìwẹ̀. Sípánà kì í kúrò lójú fèrèsé. Bí ó bá tú u tán, Helen á gbé oúnjẹ wá, òun náà á bu díẹ̀ jẹ, nítorí Vincent ní òun kò lè dá jẹun mọ́. Púpurú tún ń gbẹ lórí iná. Ó rẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ wọ egungun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sinmi.

Rùfáì ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú.

"Nọ́ọ̀tì wo ló ń tú lójoojúmọ́ báyìí? Ṣé eku ilé yín ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni?"

Helen, tó ń mọ púpurú, kò gbójú sókè.

"Ọyẹ́ ni," Vincent dáhùn.

"Ọyẹ́, nínú oṣù keje? Mo ní gọ́ọ̀mù kan ní ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá fi lẹ nọ́ọ̀tì náà, alágbẹ̀dẹ gan-an kò ní lè tú u. Mà á mú un wá lọ́jọ́ ọjà."

Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun Helen. Bí ọkọ̀ náà kò bá bàjẹ́ mọ́, Vincent yóò kọjú sí ògiri, kò sì ní yíjú padà. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, Helen ní láti lọ ra ẹ̀gẹ́ ní Erinje.

"Bàbá Lucas, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fi gọ́ọ̀mù ba nǹkan ọmọ mi jẹ́."

"Máa lọ, Ìyá Lucas. Mo gbọ́."

Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọ bọ́lẹ́kájà.

Rùfáì dé pẹ̀lú gọ́ọ̀mù rẹ̀ àti àkàrà nínú bébà. Vincent gba àkàrà, ó da gọ́ọ̀mù padà sí i lọ́wọ́, ó sì gbé sípánà sójú fèrèsé níbi tí ọwọ́ yóò ti tètè tó o.

"Gbé e lọ, ọ̀rẹ́ mi," ó wí. "Ogójì ọjọ́ gbáko ni obìnrin yẹn kò fi dìde, bí nọ́ọ̀tì yìí kò bá tú mọ́, kí ni yóò máa jí i láràárọ̀?"