Ibùsùn Tó Rí Kòkòrò

Láti àárọ̀ ni ibùsùn Màmá Ọmọ́yẹni ní ilé ìwòsàn, irú èyí tó ń yẹ ìtọ̀ aláìsàn wò fúnra rẹ̀, ti ń tan iná pupa, tó ń kígbe pé, "Kòkòrò wà nínú ìtọ̀!" Ọkàn nọ́ọ̀sì Ìbídùn kò balẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn kì í ṣí àfi bí aláìsàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é.

"Màmá, ṣé ó máa ń ta yín tí ẹ bá ń tọ̀?"

"Rárá o."

"Ìsàlẹ̀ ikùn ńkọ́?"

"Kò dùn mí."

Ìbídùn fọwọ́ kan iwájú orí wọn; kò gbóná. Àkànjí, ọmọ wọn, ń rìn síwá sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ ṣáà sọ pé ó ń ta yín, kí kọ́bọ́ọ̀dù lè ṣí!"

"Kí n purọ́ mọ́ ara mi? Oògùn tí mo lò láìnídìí lọ́jọ́sí, ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Ìbídùn pa iná náà, àmọ́ kò lè jókòó. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ń padà wá fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ara wọn kò gbóná, wọ́n sì ti jẹ ẹ̀kọ tán. Wọ́n tọ́ka sí Àkànjí tó ṣì ń rìn kiri.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, bá mi wá nǹkan fún eléyìí. Òun lara rẹ̀ kò balẹ̀."