Òkété Ṣọ́ Oòrùn

Àlọ́ mi yọjú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bà lé Òkété tí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Odò gbẹ. Àwọn ẹranko pawọ́ pọ̀, wọ́n ra sólà tí yóò máa fi oòrùn fa omi kànga. Òkété ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ, nítorí ìfura rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òjìji Àwòdì kọjá lórí sólà. Òkété ní olè ti dé. Ó fi ewé bo sólà náà, ó ń kọrin:

Àwòdì tó ń fò lókè,
Ègbè: Mo rí ọ.
Ọ̀kẹ́rẹ́ tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì,
Ègbè: Mo rí ọ.

Omi dá. Òùngbẹ dá ọmọ Ẹtu dùbúlẹ̀.

Ẹtu ní, "Òkété, omi dà?"

"Ẹ bi ara yín. Ẹnìkan ń jí oòrùn wa."

"Ewé yìí ńkọ́?"

"Kí olè má baà rí i ni."

"Oòrùn náà ò kúkú rí i."

Ẹtu gbá ewé dànù. Omi tú jáde, ọmọ rẹ̀ mu, ó dìde. Òkété nìkan ló dúró lókèèrè, ètè rẹ̀ gbẹ.

"N ò ní mu, àfi tí mo bá mọ ẹni tó dá oòrùn padà."

Ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí, ó ń wo èmi náà bí olè.