Oòrùn Tí Gbádé Ṣèlérí Létí Ọ̀sà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì tó ní òun ti mọ ibi tó ń lọ, Gbádé lòun náà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí Gbádé ti ń ya fọ́tò ní Sábó ni mo ti ń ránṣọ. Ibi tí ojú mi ò tó, Àǹtí Lateefah tó gbé iṣẹ́ fún un fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi.

1.
Gbádé mọ fọ́tò yà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó bá yà ẹ́, wàá nífẹ̀ẹ́ imú ara rẹ. Àmọ́ kò sóhun tó o máa sọ fún un tí kò ní fèsì pé, "Mo mọ̀ yẹn." Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti sú Abigail, ayàfọ́tò bíi tiẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Lateefah wọlé láti Súrùlérè. Àwọn ló ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀. Àbúrò wọn, Mùktárù, ti Kánádà dé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, alẹ́ Sátidé ló sì máa padà. Bàbá wọn, Alhaji Sùnmọ́nù, ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àǹtí ní fọ́tò kan ṣoṣo làwọn ń fẹ́, káwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, kí oòrùn máa wọ inú omi lọ lẹ́yìn àwọn. Bó bá dáa, Gbádé ni yóò máa ya àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ́dọọdún. Inú Gbádé dùn débi pé kò rántí jẹun ọ̀sán.

2.
Ó yẹ fóònù ẹ̀ wò. Fóònù ní aago mẹ́fà àbọ̀ loòrùn máa wọ̀. Ó ní etí ọ̀sà nísàlẹ̀ Èbúté Mẹ́ta làwọn máa lọ. Ó ti débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn sì sọ omi di epo pupa. Ó ní bó bá rí báyẹn láàárọ̀, mélòó mélòó ní ìrọ̀lẹ́!

Abigail bi í bóyá ó ti débẹ̀ nírọ̀lẹ́ rí. Gbádé ní òun mọ ibẹ̀.

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ," Abigail wí. "Lọ wò ó lọ́la, ní aago yẹn gan-an."

"Abigail, ṣé oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, Ọlọ́run má bínú sí mi. Abigail tún ní kó gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé dání, torí ilẹ̀ lè ṣú. Gbádé ní ó ti wúwo jù.

3.
Ó lọ ṣàlàyé ètò náà ní Súrùlérè. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Etí ọ̀sà Èbúté Mẹ́ta? Nírọ̀lẹ́? Ọmọ mi, ibẹ̀ yẹn, oòrùn..."

"Bàbá, ẹ má dààmú. Mo mọ̀ yẹn."

Ó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà! Bàbá kàn wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì fa tẹ̀sùbáà wọn yọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ fi àmì síbẹ̀ yẹn.

4.
Ní Sátidé, wọ́n múra dáadáa. Aago mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n ra omi lọ́wọ́ ìyá kan tó ń jẹ́ Glory, tó gbé kúlà síwájú. Gbádé ní kí wọ́n kẹ̀yìn sí ọ̀sà, kí wọ́n dúró. Oòrùn ò yọjú lójú omi. Ó ní ìkùukùu ló bò ó. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà àbọ̀ lù, omi ń dúdú sí i, Gbádé ń gbọn fóònù.

Ni Mùktárù bá ní, "Gbádé, wẹ̀yìn ẹ."

Gbádé yíjú. Oòrùn rèé, ó pọ́n, ó tóbi, ó ń gba àárín ilé gíga méjì tó ti bò ó tẹ́lẹ̀ wọlẹ̀ lọ, lápá Súrùlérè tí wọ́n ti wá. Kó tó gbé kámẹ́rà dé ojú, àwọn wáyà iná àti táǹkì omi nìkan ló kù.

"A fi oòrùn sílẹ̀ nílé, a wá a wá síbí," Àǹtí Lateefah wí. Àǹtí jókòó, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ń bi ara wọn pé ìgbà wo làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún máa dúró pa pọ̀.

Àsìkò ìrun àṣálẹ́ ti tó. Bàbá tẹ́ ẹní wọn, wọ́n kọjú sí omi, síbi tí kámẹ́rà Gbádé ti ń wò láti ìgbà yẹn. Wọ́n kírun tán, wọ́n pe Gbádé.

"Ìlà oòrùn là ń kọjú sí kírun. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ yẹn loòrùn ń wọ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ni mo ti ń kọ sí Mẹ́kà láti kékeré."

Àǹtí Lateefah rẹ́rìn-ín tòun tomijé. Ilẹ̀ ò lanu fún Gbádé.

5.
Bàbá ò dìde. Wọ́n ní, "Ẹ dúró. Òṣùpá pé ọjọ́ mẹ́rìnlá lónìí."

Òótọ́ ni. Kò pẹ́, òṣùpá yọ látinú ọ̀sà, ó rọ́bọ́tọ́, ó ń dán. Gbádé sáré gbé kámẹ́rà. Ilẹ̀ ti ṣú, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì wà ní Sábó. Gbogbo èyí tó yà ló rí bàìbàì. Glory ló gba fóònù Mùktárù, ó gbé e lé orí kúlà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má mí.

Fọ́tò yẹn ló wà ní pálọ̀ Àǹtí Lateefah lónìí, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wọlé á béèrè ẹni tó yà á. Wọ́n á ní, "Glory tó ń ta omi ni." Abigail ló ń ya àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Gbádé ti ń gbé igi ẹ̀ dání báyìí. Lánàá, ó wá bi mí pé apá ibo loòrùn ń gbà wọ ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́. Mo ní, "Ṣé o ò mọ̀ yẹn ni?" Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo fi hàn án.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún "mo mọ̀ yẹn." Bí fóònù bá tiẹ̀ sọ aago, ẹ lọ fojú ara yín wo ibẹ̀. Bí àgbà bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ní ń pọ́n ara ẹ̀ lójú.