Géèmù Tó Ń Retí Ìkíni

Bí géèmù tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ kò bá ṣí kí agogo tó lù, ilé-ẹ̀kọ́ á gba kíláàsì lọ́wọ́ Tíṣà Fadérera. Òfin ni. Géèmù náà wà lára ògiri, ó dákẹ́, ó ń retí kí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kí i. Àkókò ń ṣòfò.

"Tíṣà, ẹ kí i!" Ìbídùn kígbe láàárín àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn kíláàsì.

"Èmi? Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀rùn èṣí ni kí n kọ́kọ́ kí? Ta ló bí i?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ pé níbòmíràn, géèmù ló ń yan iṣẹ́, tíṣà kàn ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni.

Ògiri tàn yòò. Ọmọbìnrin kékeré kan yọ lójú géèmù, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ káàárọ̀. Mo rò pé ọmọ kíláàsì ló dúró síbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àgbà ni yín. Kí ni ẹ fẹ́ ká kọ́ wọn lónìí?"

Agogo lù. Tíṣà Fadérera mí kanlẹ̀.

"Ìsọdipúpọ̀," ó ní. "Dìde, ọmọ mi. Iṣẹ́ ti yá."