Ọ̀pá Ọba Àbdùsàlámì

Ọdún kọkànlá rèé tí Àlàó ti ń gbé ọ̀pá ọba àwọn Yorùbá ní Tamale. Kò sí ẹni tí kò mọ òfin rẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńgò, àdúgbò àwọn àlejò níbẹ̀: ibi tí ọ̀pá bá dé, ọba ló dé. Ẹni tó bá rí i á dọ̀bálẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni Àlàó ṣe pa òwò obì tì. Ọba Àbdùsàlámì kò bímọ ọkùnrin, ó sì ti ṣèlérí pé Àlàó ló máa jogún ọ̀pá àti oyè. Oyè yìí ni Àlàó ń rò sùn, òun ló ń rò jí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọba ránṣẹ́ pè é. Àwọn ayaba ń di ẹrù lágbàálá, wọ́n ní àwọn ń lọ kí ẹbí ní Kùmásí. Ọba bọ́ agbádá ọrùn ara rẹ̀, ó fi wọ Àlàó.

"Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tuntun tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá fẹ́ rí mi. Ìwọ ni kí o lọ."

"Kábíyèsí, kí ni kí n sọ fún un?"

"Ṣé o mọ òfin ọ̀pá?"

"Kí lẹ tún ń bi mí yìí, Bàbá? Èmi tí mò ń gbé e!"

"Tó bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, bí ọ̀pá ṣe wí ni kí o wí. Má sì dá a padà fún mi mọ́."

Omi lé ròrò sójú ọba. Àlàó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó kọ́kọ́ yà sílé. Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó rẹ̀ rí agbádá, ó kúnlẹ̀.

"Alhamdulilahi! Bàbá Sàrátù, ó ti bọ́ sí i!"

"Rọra, má pariwo," ni Àlàó wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu òun náà. Láti Aboabo, àdúgbò rẹ̀, dé ọ́fíìsì òyìnbó ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Lọ́rì tó gbé ọba kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó juwọ́. Ọba kò wò ó.

Òyìnbó jókòó, ọlọ́pàá méjì dúró tì í. Ògbufọ̀, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàfùróńgò dé, fi Háúsá bi í léèrè.

"Òyìnbó ní ṣé ẹ̀yin ni ọba àwọn Yorùbá?"

Àlàó fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Èmi ni."

"Ó ní ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ló tún lè jẹ́?"

Àwọn ọlọ́pàá di apá rẹ̀ méjèèjì mú. Àlàó figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Kí ni mo ṣe?"

"Ó ní lẹ́tà yín tẹ òun lọ́wọ́ lánàá," ni ògbufọ̀ wí, "èyí tí ẹ fi jẹ́wọ́ pé ẹ̀yin ọba lẹ pa àgbẹ̀ tí wọ́n bá òkú rẹ̀ lóko ní Gumani, tí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ máa fẹsẹ̀ ara yín wá lónìí."