Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gba Ìkúnlẹ̀

Iná pupa ń ṣẹ́jú lára kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pín omi fún ìlú wa. Nǹkan ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, ó sì yẹ kó kọ ohun tó ń ṣe é sójú gíláàsì rẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: "O ò tíì kí mi."

"Mojírádé, kúnlẹ̀ kí wọn jàre!" Ọ̀gá Ajíṣafẹ́ jágbe mọ́ mi. "Ìlú ò rómi mu. Òfin sì ni pé ká kí wọn kí wọ́n tó dáhùn."

"Ọ̀gá, ojú mi ni wọ́n ṣe tú nǹkan yìí nínú páálí!"

Gíláàsì kọ ọ̀rọ̀ mìíràn: "Mo gbọ́. Ẹ máa wá omi lọ."

Ni ọ̀gá mi, baba ọlọ́mọ, bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún irin. "Ẹ má bínú, ọmọdé ló ń ṣe é."

Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí ẹni ń tutọ́. Kíá ló kọ ọ́: "Fáànù ẹ̀yìn mi ti kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ pa mí."

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí gan-an ni wáyà iná rẹ̀ wà. Mo fà á yọ. Gíláàsì ṣú.

"O ti pa wọ́n!" Ọ̀gá mi figbe ta.

"Ẹ gbé fáànù wá," ni mo wí. "Tó bá jí, òun ni yóò kọ́kọ́ kí mi."