Fìlà Àlejò Lórí Ayùn

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó ń bá ará òkè òkun da òwò pọ̀ ni mo kọ ọ́ fún, àti ẹni tó ń gbèrò àtiṣe bẹ́ẹ̀.

1.

Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Dídán, nítorí àga tó bá ṣe, o lè rí ojú ara rẹ nínú rẹ̀. Obìnrin oníṣòwò kan láti òkè òkun rí àga náà, ó wù ú, ó sì wá bá a. Wọ́n jọ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin náà mú ẹ̀rọ ìlagi wá, ó sì ń wá oníbàárà ní ìlú tirẹ̀. Ọ̀gá Dídán mú ilẹ̀, ìsọ̀ àti òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Èrè, wọ́n á pín in lọ́gbọọgba.

Obìnrin náà tẹnu mọ́ nǹkan kan ju gbogbo àdéhùn yòókù lọ. Irin kan wà lára ẹ̀rọ náà tó bo eyín ayùn. Ó ní ayùn kò gbọdọ̀ yí láìsí irin yẹn lórí rẹ̀. "Igi tí ẹ̀jẹ̀ èèyàn bá kàn, mi ò lè tà á," ló wí. Ìyàwó Ọ̀gá Dídán, olùkọ́ tó gbọ́ èdè obìnrin náà, ló ń túmọ̀ fún wọn. Ọ̀gá Dídán gbà, ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́. Wọ́n fi kún àdéhùn náà pé ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin náà á máa pè lórí fóònù, wọ́n á sì máa gbé fóònù yí ìsọ̀ ká kó lè fojú rí i.

2.

Irin yẹn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Pákó tó bá nípọn kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní láti dúró kí wọ́n tún un tò. Kò pẹ́ tó fi sú Ọ̀gá Dídán. Ó ní kí àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ náà, yọ ọ́ kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyá yẹn ò ní bínú?"

"Ṣé ibí ló ń gbé ni? Bó bá pè, dé e. Bó bá ti lọ, ṣí i. Fìlà ni."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, fìlà àlejò ni wọ́n ń pe irin yẹn. Bí ọjọ́ Ajé bá dé, wọ́n á gbálẹ̀, àbúrò á dé fìlà fún ayùn, á sì juwọ́ sí fóònù. Òun ni obìnrin náà máa ń kọ́kọ́ kí.

Ìyàwó kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Bàbá wọn, èdè ni mo gbà láti máa túmọ̀. Èyí tí ẹ ń kó sí mi lẹ́nu yìí, irọ́ ni."

"Irọ́ wo? Ṣé mo ní kó o sọ nǹkan kan ni? Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọkùnrin yìí. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i.

3.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ ńlá wọlé: àga gbogbo yàrá ilé ìtura tuntun kan. Ọ̀gá Dídán ṣèlérí ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè bá. Obìnrin náà béèrè pé ṣé àkókò náà kò há jù. Bó bá há, òun lè bẹ oníbàárà, á dúró.

Ọ̀gá Dídán yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Sọ fún un pé a ti fẹ́ẹ̀ parí."

Wọn ò tíì ṣe ìdajì, síbẹ̀ ìyàwó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ̀gbọ́n, igi yìí kún fún kókó, ó sì ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ n dé fìlà yẹn lónìí."

"Dé e, ká wá parí lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé o fẹ́ kí obìnrin yẹn máa fojú ọ̀lẹ wò mí?"

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."

Ayùn kan kókó, pákó ta padà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì lọ bá eyín ayùn. Àtàǹpàkò nìkan ló kù níbẹ̀.

4.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, fìlà wà lórí ayùn, ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ó ní àbúrò yín dà, òun kò tíì kí i," ni ìyàwó túmọ̀.

"Sọ fún un pé ó rìnrìn àjò."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ títí. Ó wá yíjú sí fóònù, ó sì sọ̀rọ̀ tó gùn ju "ó rìnrìn àjò" lọ. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá fèsì.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ìsọ̀ yìí lòun fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí òun ń bá ṣòwò níbòmíràn. Ó ní òun á san owó ìtọ́jú ọwọ́ àbúrò yín débi tí ìtọ́jú bá lè dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó pa òun àti ẹ̀yin pọ̀ ti tán."

Oṣù yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi wá kó ẹ̀rọ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ túká.

5.

Ìsọ̀ tó ṣófo kọ́ ni kò jẹ́ kí Ọ̀gá Dídán rí oorun sùn. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ni. Kí wọ́n tó kó ẹ̀rọ lọ, ó ti kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi kún un."

"Kí ló dé tó ò fi kọ̀ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Bí ẹ bá ní kí n ki ọwọ́ bọ iná, mo máa ń rò pé ẹ ti ki tiyín bọ̀ ọ́ rí."

Ì bá dùn mọ́ ọn bí àbúrò bá bú u. Kò bú u. Ní àràárọ̀ báyìí, Ọ̀gá Dídán ló ń lọ bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Àbúrò á gbé àgbọ̀n sókè bí ọmọ iléèwé, á ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Kò sí adájọ́ tó lè dá ẹjọ́ tó le ju "ẹ ṣé" yẹn lọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ará òkèèrè dòwò pọ̀, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó jìnnà sí yín kò fọ́jú. Ó gbẹ́kẹ̀ lé yín ni. Bí àdéhùn bá ni yín lára, ẹ sọ ọ́ síta kí ẹ jọ tún un ṣe. Ẹ má fi ẹnu gbà á kí ẹ fi ọwọ́ kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ọ̀gá, ohun tí ẹ ò lè fi ọwọ́ ara yín ṣe, ẹ má pa á láṣẹ fún ẹni tí kò lè sọ fún yín pé rárá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dà á, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó dúró tì yín.